Èènì Tí Bàbá Fi Sí Bóòtù Ọmọ Rẹ̀

Bàbá tó bí bàbá mi kì í gba èènì. Tó bá lọ ra gààrí ní Old Market, tí ìyá tó ń tà á wọn kóńgò kún tán, tó wá fọwọ́ bu díẹ̀ lé e bí gbogbo ọlọ́jà ti máa ń ṣe, Bàbá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu díẹ̀ náà padà sínú ọpọ́n. Kì í ṣe pé ó ń ṣeré. Ìyá Ìlọrin tí a jẹ́ oníbàárà rẹ̀ bínú sí i títí ọ̀rọ̀ náà fi sú u. "Bàbá, ṣé mo bu májèlé sí i ni? Àbí ọwọ́ mi ló dọ̀tí?" Bàbá á ní rárá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Á so ẹnu ọ̀rá rẹ̀, á sì sọ ohun tí gbogbo àwọn tó wà ní ìlà náà ti há sórí: "Èyí tí mo rà ti tó mi."

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn tó bọ́ síwájú láti sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà rí láyé. Díẹ̀ ló kù kí n dìde. Bàbá ń jà. Ó bá onígààrí jà. Ó bá àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà jà nítorí ìṣó kan tó yọ ṣóńṣó lára àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì ń jókòó sí láti gbọ́ ìwàásù títí wọ́n fi yọ ìṣó náà. Ó bá èmi jà nítorí pé mo ra bàtà tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ, tí mo ní n máa dàgbà bá a. Mi ò mọ ẹni jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń sin lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Mi ò sì ní fi ìdí ọ̀rọ̀ pa mọ́ bí ẹni ń pààlọ́. Bàbá ló yan bóòtù tó wà lára irin tí bàbá mi gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ tó kú sínú Odò Ọya. Láti ọjọ́ yẹn títí tí òun náà fi kú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì fẹ́ kó dá a lóhùn. Ó fẹ́ kí màmá mi, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó di opó nígbà tó ṣì kéré, sọ fún un bóyá òun ló pa ọmọ òun. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí kò lè bi í.

Ọmọ Òwórò ni Bàbá, láti orí òkè, níbi tí kò sí odò tó tó gbé èèyàn lọ. Ó máa ń sọ pé ká ní òun gbọ́n ni, òun ì bá jókòó sókè níbẹ̀ kí òun máa gbin iṣu òun. Iṣẹ́ ìjọba ló mú un sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lọ́kọ́jà. Ó di fítà níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣe, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Old Market, tó ń ta bóòtù, nọ́ọ̀tì, wáṣà àti ìṣó. Ṣọ́ọ̀bù náà súnmọ́ títì débi pé tí kẹ̀kẹ́ bá ń kọjá, gbogbo agolo bóòtù á máa dún wooro lórí pákó.

Àwọn oníbàárà tó fẹ́ràn jù ni àwọn amòòkùn, àwọn ọkùnrin tó ń wọ abẹ́ omi lọ gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó rì, tàbí tí wọ́n lọ ń tú àwọ̀n tó wé mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá lápá ibi tí wọ́n ń kọ́ pọ́ọ̀tù sí, tàbí, lọ́jọ́ burúkú, tí wọ́n lọ ń gbé òkú. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó tẹ̀ díẹ̀ láàárín kó lè bá ọ̀pá ẹ̀yìn mu. Bẹ́líìtì ló so ó mọ́ èjìká àti ìbàdí. Sílíńdà tí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí wà nínú rẹ̀ dúró lẹ́yìn irin náà, àpò rọ́bà tó ń jẹ́ kí èèyàn léfòó sì wà láàárín méjèèjì. Bóòtù ló de gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ irin náà, wọn kì í sì í bá bóòtù wá. Èyí tó bá bá bóòtù wá, bóòtù rẹ̀ á ti jẹra. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni gbogbo wọn ń gbé tiwọn wá kó lè bá wọn yan èyí tó yẹ.

Bàbá kì í kánjú yàn. Òòfà kan wà tó fi okùn so kọ́ ọrùn, bí àwọn aládùúgbò wa ti ń so tìráà. Bóòtù tí òòfà bá gbé, kò ní í bá ẹnikẹ́ni wọ omi, nítorí ó máa dípẹtà. Èyí tí òòfà kò gbé, Bàbá kò tíì gbà á gbọ́. Á sọ ọ́ sínú ìkòkò omi iyọ̀ kan lẹ́yìn ilé, á fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ á fi gbàgbé, kó tó wá lọ yọ ọ́ wò. Ìkòkò ọbẹ̀ màmá mi ni. Màmá wá a títí. Nígbà tó rí i lẹ́yìnkùlé tí bóòtù kún inú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n kúkú já ẹ̀fọ́ sí i?" Bàbá ní kó má ì tíì já a, kò tíì jinná. Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń bá ara wọn ṣàwàdà.

Ó ní òfin tirẹ̀. Orí bóòtù tó máa kọjú sí ẹ̀yìn èèyàn gbọ́dọ̀ rí róbótó, kó má baà máa ha onítọ̀hún lára. Wáṣà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó má baà ya àpò rọ́bà. Ibi tí kò gbọdọ̀ tú láé, nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ló máa fi síbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ń tú lójoojúmọ́, á fi nọ́ọ̀tì alápá méjì tí ìka tó ti tutù lè yí. Ṣùgbọ́n lórí gígùn ló ti le jù. Bóòtù gbọ́dọ̀ la nọ́ọ̀tì kọjá, kó yọjú díẹ̀ bí èékánná ọmọ tuntun, kó sì dúró síbẹ̀. "Èyí tó kúrú á já ọ jù sílẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún wọn, "èyí tó gùn á máa wá ohun tó máa gbá mú."

Áńkù Ṣéhù ni ẹnìkejì bàbá mi nínú iṣẹ́ amòòkùn. Ọmọ Nupe ni, Lọ́kọ́jà ni wọ́n bí i sí, ó sì lè sọ gbogbo èdè ìlú yìí nínú gbólóhùn kan. Lọ́jọ́ kan ó dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó gbéṣẹ́ fún un ti ń dúró létí omi, Bàbá sì ń gbé bóòtù kọ̀ọ̀kan sókè síhà oòrùn bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Ara Áńkù Ṣéhù kò gbà á mọ́. "Haba, Baba! Na bolt o, no be wife. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá kò gbójú sókè. "Ìyàwó tí kò bá dáa, orí ilẹ̀ lẹ máa ti pínyà," ló ní. "Èyí, ìsàlẹ̀ omi ni." Áńkù Ṣéhù fa àpótí kan, ó jókòó.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí bàbá mi gbé irin tirẹ̀ wá. Kì í ṣe tòkunbọ̀, tuntun gidi ni, ó ti pẹ́ tó ti ń wá a. Jídé ni orúkọ bàbá mi. Òun nìkan lọ́kùnrin tí Bàbá bí. Bàbá mú bóòtù tó bá ihò irin náà mu, ó tì í bọ inú ihò náà, ó yí nọ́ọ̀tì sí i, ìdí rẹ̀ yọjú bí èékánná gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀ ti wí. Ó wò ó. Ó tún tú u. Ó nawọ́ sí agolo mìíràn, ó mú èyí tó gùn jù ú lọ, ó fi nọ́ọ̀tì kan dè é, ó tún fi nọ́ọ̀tì kejì lé e, ìdí bóòtù náà sì tún yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí orí ọmú ewúrẹ́. Gbogbo bóòtù tó kù lára irin náà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ kàn wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àwọn wọ̀nyí gùn o. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kó má gùn."

"Àwọn yòókù ni mo sọ fún," Bàbá dá a lóhùn. "Ìwọ lọmọ mi. Ṣé n ò ní fi èènì sí tìẹ ni?"

Bàbá mi tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó gbé irin náà kọ́ èjìká, ó sì lọ. Inú àwọn méjèèjì dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí bí inú wọn ṣe dùn tó, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ìjà ni wọ́n fi yan bóòtù náà, ká ní àìbìkítà ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí.

Àwọ̀n ni wọ́n lọ tú nídìí ọkọ̀ ńlá kan nítòsí pọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tó kú. Lásìkò tí omi bá kún, Odò Ọya máa ń pọ́n bí omi amọ̀. Tí o bá na ọwọ́ síwájú ara rẹ nísàlẹ̀ ibẹ̀, o kò ní í rí i. Ìfọwọ́kàn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àwọ̀n há sí ìdí bóòtù tó yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀, láàárín irin àti sílíńdà, níbi tí ọwọ́ èèyàn kò lè dé lára ara rẹ̀. Bó ṣe ń yí láti bọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń wé mọ́ ọn. Ó ní ọ̀bẹ lọ́wọ́, gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló sì gé. Nígbà tó máa fi ronú kan bẹ́líìtì kó lè bọ́ irin náà sílẹ̀, àwọ̀n ti bo ibi tí wọ́n ti ń tú u. Nígbà tí okùn tó so mọ́ ọn dé òkè omi kò mì mọ́, Áńkù Ṣéhù sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a, òun ló sì gé e kúrò.

Áńkù Ṣéhù fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ó ní Bàbá kò sunkún létí omi. Ó dúró títí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ó wá kúnlẹ̀ ti irin náà níṣojú Màmá. Gbogbo bóòtù tó yàn ló pé síbẹ̀. Kò sí èyí tó tú, kò sí èyí tó tẹ̀. Fọ́nrán àwọ̀n ṣì wà lára ìdí ọ̀kan nínú wọn.

"Níbo ló ti mú un?" Bàbá bi í.

"Baba, ẹ fi sílẹ̀. Leave am. Ọlọ́run ló—"

"Mi ò bi ọ́ ní ti Ọlọ́run. Níbo ló ti mú un?"

Áńkù Ṣéhù na ìka sí ìdí bóòtù náà. Bàbá bi í bóyá ibẹ̀ nìkan ni. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni. Bàbá dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lórúnkún.

Ohun tí àwọn ará etí odò fi ń rántí Bàbá ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá mi tán, àwọn àlejò kò tíì tú kúrò nílé, nígbà tó mú ayùn irin àti fáìlì, tó gun ọ̀kadà. Gbogbo amòòkùn tó ti yan bóòtù fún rí ló wá lọ, láti Old Market títí dé Gànájà. Kì í jókòó, kì í gba omi mu. Á kàn kí wọn bí a ti ń kíni lókè: "Okun o. Gbé irin rẹ wá." Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á fi ìka tọ ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Àjákù àwọ̀n kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n gé kúrò lára bàbá mi. Á wọ́ ọ kọjá lórí bóòtù náà, tó bá ti há, kódà bó ṣe fọ́nrán kan ló há, á gé ìdí bóòtù náà, á fi fáìlì rẹ́ ẹ, á tún wọ́ àwọ̀n kọjá. Bóòtù tí kò gùn pàápàá, ó rẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn nínú wọn ń sunkún níbi tí wọ́n dúró sí. Ọ̀kan ní orí Bàbá ti dàrú, ó sì kọ̀, kò gbé tirẹ̀ jáde. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú oòrùn títí ìyàwó ọkùnrin náà fi lọ gbé e wá fún un. Nígbà tó gé e tán, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín, ó ní, "Ìwọ náà, ẹnì kan ló bí ọ."

Nígbà tí àwọn amòòkùn tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilé wa. Ó gé bóòtù géètì, ó gé ti bẹ́ẹ̀dì, ó yọ gbogbo ìṣó tó wà lára ògiri débi pé a kò rí ibi tí a lè fi aṣọ kọ́ mọ́. Màmá jókòó lórí àga, ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò mi tí kò tíì lè rìn, ó ń wò ó. Kò ní kó máa gé e, kò ní kó má gé e.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti yan nǹkan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta bóòtù, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ní, "Bàbá, èwo ló dáa níbẹ̀?" á ní ojú onítọ̀hún ń ríran, kó yàn án fúnra rẹ̀. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i. Ta ló fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àgbà tó mọ nǹkan tí kò sì ní sọ? Wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Òòfà ọrùn rẹ̀ wọ inú agolo kan lọ, kò jáde mọ́. Nígbà tí mo parí ilé-ìwé girama, tí mo ń dààmú bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kí n kọ́ ni àbí iṣẹ́ tíṣà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ, nítorí kò sí bàbá tí mo lè bi. Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Má bi mí, Bọ́sẹ̀," ló ní. "Mo ti yan nǹkan rí."

Gbogbo ayé ló wá tù ú nínú. Olùṣọ́àgùntàn ní àkókò ló tó. Àwọn ẹbí wa láti òkè ní ọwọ́ ayé ni. Áńkù Ṣéhù, tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó ń ta ẹja, ń wá lọ́dọọdún, ó ń sọ pé tí kò bá jẹ́ bóòtù, nǹkan mìíràn lára irin náà ni àwọ̀n ì bá há sí. Bàbá á gbọ́ wọn tán, á ní, "Mi ò bi yín." Òótọ́ ni, kò bi wọ́n. Ojú ọ̀nà ilé ìdáná ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí màmá mi jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni. Ọmọ Ìjùmú ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Kì í sọ ohun tí kò gbà gbọ́, ì báà ṣe láti fi kí èèyàn. Tí ọmọ ẹlòmíì bá burẹ́wà, á ní ọmọ náà ti tóbi. Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé mọ́tò wá láti kó o lọ. Ó gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹun tán, ó ní, "Ta ló máa wá máa se ti Bàbá?" Wọ́n wa mọ́tò wọn lọ lófìfo. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Kò sí ọjọ́ tí oúnjẹ Bàbá pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan yẹn, kò sọ ọ́.

Bó ṣe ń rí nìyí. Nírọ̀lẹ́, Bàbá á gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Màmá á máa gé ilá tàbí kó máa ro ọkà. Bàbá á ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀." Màmá á ní, "Sà." Bàbá á wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Bàbá á wá ní, "Ṣé kẹrosíìnì ṣì wà?" Màmá á ní, "Ó wà, sà." Á gbé àpótí rẹ̀, á padà síwájú ilé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí irun Màmá pàápàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Lọ́jọ́ kan mo gbaná jẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ kàn sọ fún un pé kì í ṣe òun. Kí ló máa ná yín? Ṣé ẹ ò rí i bó ti ń kú lọ ni?" Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Kò bínú sí mi. "Irọ́ ni gbogbo wọn ń sọ fún un, ó sì mọ̀," ló ní. "Tí èmi náà bá sọ tèmi, ta ló máa kù fún un?" Mo bínú jáde.

Mo ti wá ìtùnú nínú ọ̀rọ̀ Bàbá títí, mi ò rí. Ẹ lè ní ó kéré tán, gígé tó ń gé bóòtù kiri yẹn gba àwọn yòókù là. Mi ò mọ̀. Lẹ́yìn bàbá mi, odò náà pa amòòkùn mìíràn, bóòtù kọ́ ló sì pa ìyẹn. Odò Ọya kò nílò bóòtù kó tó pa èèyàn. Àìpẹ́ yìí ni mo gba etí omi kọjá, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń de irin ẹ̀yìn tirẹ̀ lábẹ́ igi, ìdí bóòtù rẹ̀ yọ gbọọrọ. Mo dúró, mo ṣàlàyé fún un, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi tìwà-pẹ̀lẹ́-tìwà-pẹ̀lẹ́. "Aunty, e no dey do anything," ló ní, ó sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn.

Ọyẹ́ ló mú Bàbá lọ. Èémí rẹ̀ kúrú, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Èmi àti Màmá la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mo padà yàn, mo sì mọ ohun tí mò ń rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Ó mu díẹ̀, ó yí ẹnu kúrò.

"Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Sà."

Mo rò pé kẹrosíìnì ló tún kàn. Ó di ọwọ́ Màmá mú níbi tí ṣíbí wà.

"Ṣé èmi ni mo pa Jídé?"

Màmá gbé àwo ògì sílẹ̀. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ń fi gbogbo ara bẹ̀ ẹ́. Ó wo Bàbá lójú.

"Ẹ̀yin lẹ yan bóòtù náà, Bàbá. Bóòtù náà ló mú un."

Bàbá rọra mi orí bí ẹni tó gbà. Bó ṣe mi orí yẹn, bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún ni. "O ṣé," ló ní. "O ò purọ́ fún mi." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri tí kò ní ìṣó kankan lára, ibẹ̀ náà ló sì kọjú sí títí ó fi kú, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kò gba ògì mọ́. Mo fi oògùn sí i lẹ́nu, ó tu ú dànù. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọjú sí mi, kí n rí i, ó ní ìhín náà dáa.

A sin ín sókè, nínú ilẹ̀ Òwórò tó ń sọ pé òun ì bá má ti kúrò. Nígbà tí a padà dé Lọ́kọ́jà, tí àwọn èèyàn ti lọ tán, mo bá Màmá nílé ìdáná níbi tó ti ń fọ àwo Bàbá. Ìbínú tí mo ti gbé mì láti ìgbà yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní òun ló pa á. Mo ní ọ̀rọ̀ kan péré ni ọkùnrin náà ń wá, ọ̀rọ̀ kan péré, ẹnu òun sì wúwo ju kó sọ ọ́ lọ.

Màmá nu àwo náà gbẹ, ó gbé e sórí pẹpẹ. Kò kọ́kọ́ yíjú sí mi.

"Mo ti dárí jì í kí wọ́n tó gbé Jídé wọ ilẹ̀," ló ní. "Mo rí i bó ṣe kúnlẹ̀ ti irin yẹn, mo sì dárí jì í níbẹ̀ nínú ọkàn mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró kó bi mí bóyá mo ti dárí ji òun. Mo rò pé ohun tó ń gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà mi fún nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí, mo ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu." Ó di etí pẹpẹ mú. Mi ò rí i kó sunkún rí ṣáájú ìgbà yẹn, kódà nígbà tí bàbá mi kú. "Èyí tí ó wá bi mí yẹn, Bọ́sẹ̀, èyí yẹn kọ́ ni mò ń retí."